Ọdún Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní Yàrá Bíṣọ́ọ̀bù

Kí bọ́ọ̀sì tó gun òkè wọ abúlé Netherhope, Enid Lathbury ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé èyí ni ìgbà ìkẹyìn. Yóò sun òru mẹ́ta ní ilé èrò Àgbò Olágogo, yóò bá wọn ṣe ìdúpẹ́ ìkórè lọ́jọ́ Àìkú, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Hester Prosser tó ni ilé èrò náà, yóò sì padà sí Wolverhampton, kò ní wá mọ́. Láti oṣù kejì, nígbà tí wọ́n sin Clement ọkọ rẹ̀, ló ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí bọ̀.

Ohun tó mú kí ìpinnu náà wúwo ni pé kò sí ibòmíràn tó wù ú láti lọ. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Ní Wolverhampton, àwọn aládùúgbò a kí i, wọn a sì kọjá lọ. Ní Àgbò Olágogo nìkan ni wọ́n ti mọ̀ pé ṣúgà mẹ́ta ni Clement máa ń fi sí tíì, tí wọ́n mọ ibi tó máa ń fi fìlà rẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì lè dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ láìrẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá aláìsàn. Ẹni tó bá tún pàdánù irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ọ̀fọ̀ méjì ló ń ṣe pa pọ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá ni wàhálà.

Yàrá Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, yìnyín ká bíṣọ́ọ̀bù kan mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà fèrèsé tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ápù bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ fèrèsé ni yóò ti lọ mú un. Wọ́n ti ki pákó bọ abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjì, síbẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ yóò máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan igi. Ìtì igi kan sọdá òkè ẹnu ọ̀nà, ó rẹlẹ̀, ó sì le. Lọ́dọọdún ló ń gbá Clement níwájú orí. Èyí tó wá burú jù ni agogo ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dojú kọ fèrèsé náà gan-an, ènìyàn lè ju òkúta lù ú láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń dún, tọ̀sán tòru, kì í sinmi lọ́jọ́ ìsinmi pàápàá.

Enid kò tíì sun oorun gidi níbẹ̀ rí. Nítorí Clement ló ṣe fara dà á.

Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hester, tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà, gbé tíì wá síwájú wọn, ó sì bèèrè pé ṣé wọ́n sùn dáadáa. Ní gbogbo ilẹ̀ wọn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní, bí àdúrà ṣe ní Àmín kan ṣoṣo. Clement, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, dáhùn pé, "Dáadáa gan-an, ẹ ṣeun." Enid wo ọkọ rẹ̀, ó rò pé yàrá náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́, ló bá fi kún un pé ohùn agogo náà dùn ún gbọ́. Ojú Hester tàn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò fi yàrá náà pamọ́ dè wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Clement ní bí kò bá ti ni wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di àṣà, tí ọdún kan di méjì, tí méjì sì di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró lọ́jọ́ Ẹtì náà, Hester ti wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti aṣọ ìdáná nídìí. Ó gba àpótí lọ́wọ́ àlejò rẹ̀, ó sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ilé ìdáná. Kò tún bá a kẹ́dùn, nítorí ó ti ṣe ìyẹn nínú lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin. Ó bu tíì fún un, ó gé kéèkì, ó ròyìn àwọn tó bímọ àti àwọn tó ta oko. Lẹ́yìn náà ló ní tọkọtaya kan láti London rí àwòrán Yàrá Bíṣọ́ọ̀bù níbì kan, wọ́n tẹ òun láago lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí wọ́n lè rí i gbà fún ìkórè.

"Mo ní rárá," ni Hester wí. "Mo ní ìkórè, ti Ìyáàfin Lathbury ni. Bí ọba bá dé, àfi kó lọ sùn sínú koríko màlúù."

"Ẹ ò bá má da ara yín láàmú nítorí tèmi," ni Enid fèsì, gbogbo ọkàn rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́.

"Wàhálà wo ló wà ńbẹ̀? Yàrá yín ni."

Enid mu tíì rẹ̀. Nígbà tó dé òkè, ó rí i pé Hester ti gé òdòdó sínú ife, ó ti ra ìrọ̀rí tuntun, ó sì ti gbé àga kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí arúgbó lè rí ibi jókòó wọ bàtà. Inú rere yẹn ló wá di ẹrù lé e lórí. Ta ni yóò fi ọwọ́ ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn? Ní òru, ó ka agogo títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí Clement wà, ọwọ́ rẹ̀ tó gbóná a máa tù ú nínú lábẹ́ aṣọ. Nísinsin yìí, òun àti agogo ló kù. Ilẹ̀ mọ́, Hester bi í ní ìbéèrè rẹ̀, Enid sì ṣe Àmín rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin abúlé a máa ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìkórè. Wọ́n ti yan fèrèsé kẹta fún Enid láti ọjọ́ pípẹ́, bí ẹni pé abúlé náà ni wọ́n bí i sí. Àwọn yòókù ti lọ jẹun nígbà tó ṣì ń to ápù àti kárọ́ọ̀tì, tó sì ń gbé elégédé ńlá kan sí àárín wọn. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dánra wò: "Ìyáàfin Prosser, ẹ jọ̀ọ́, bí àyè bá wà..." Rárá. "Ìyáàfin Prosser, kì í ṣe pé mi ò mọrírì..." Ìyẹn náà kò lọ. Kò tíì rí gbólóhùn kan parí nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Amos Bevan ni, darandaran àtijọ́, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tó gbé ìtí àlìkámà kan wá síwájú pẹpẹ.

"Ìyá Wolverhampton," ni ó wí, "àbí elégédé ti ń dá yín lóhùn ni?"

Enid ní àdúrà lòun ń gbà. Amos ní irọ́ pípa nínú ilé Ọlọ́run kò yẹ arúgbó. Ó gbé ìtí àlìkámà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ ò sùn lóru àná."

"Mo sùn dáadáa, ẹ ṣeun."

"Ẹ gbọ́, bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, òru kan ṣoṣo ló sùn níbẹ̀. Kò sì tún gba ọ̀nà ibí mọ́ títí ó fi kú."

Enid fi ẹ̀rín dáhùn, ṣùgbọ́n Amos kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ìjókòó tó sún mọ́ ọn, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì yí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ṣèlérí kan fún Clement pé níwọ̀n ìgbà tí Clement bá wà láàyè, òun kò ní sọ ọ́. Òun sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n Clement kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀yìn ìgbà náà.

Ohun tó sọ fún un nìyí. Ní gbogbo ìkórè, bí òun bá ti ń kó àgùntàn kọjá ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àárọ̀, òun a bá Clement lórí ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tó wọ ẹ̀wù òtútù lé aṣọ oorun, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́dún kan, òun bi í pé kí ló ń lé e jáde. Clement ní yàrá náà fẹ́ pa òun. Ó ní orí òun ń ró, ẹ̀yìn ń ro òun, agogo yẹn sì ti wọ òun nínú egungun. Amos ní kí ló dé tí kò fi sọ fún ìyàwó Prosser. Clement wá ní, "Enid ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ohùn agogo náà dùn. Mo fẹ́ kí n máa sùn sórí ògiri yìí ju kí n gba yàrá yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́."

Enid di ẹ̀gbẹ́ elégédé náà mú.

"Ó máa ń sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ àárọ̀ ni òun ń lọ gbà," ni ó wí.

"Ó gbà á. Ó gbà á títí ó fi ń wárìrì."

"Amos, mi ò fẹ́ràn yàrá yẹn rí. Mo rò pé òun ni."

Amos lanu sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà? Háà. Mi ò mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, èrò mi ni pé etí yín ló ní àìsàn."

Kì í ṣe ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá sí Enid lẹ́nu. Oró ló kọ́kọ́ dé. Òru mẹ́ta lọ́dún kan, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n jọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi méjì, tí oníkálukú ń díbọ́n pé òun sùn kí ẹnì kejì lè sùn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá la ẹnu ni! Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé Clement a máa hanrun nílé, tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Netherhope, kò hanrun rí. Enid ti ń yin afẹ́fẹ́ òkè lógo fún ìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà lajú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, tó sì ń pa ara mọ́ kí bẹ́ẹ̀dì má baà dún.

Ibẹ̀ ni oró náà ti yí padà nínú rẹ̀. Clement fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀. Ó jókòó láàárín àwọn èso ilẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. Amos wojú òrùlé, nítorí ẹkún obìnrin a máa bà á lẹ́rù ju ìjì lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí Enid lọ sọ fún Hester. Enid ní òun kò lè ṣe é. Hester ti tọ́jú yàrá náà dè wọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò bà á lọ́kàn jẹ́. Ó jẹ́wọ́ fún un pé nítorí èyí gan-an lòun kò fi ní wá mọ́. Amos dìde, ó de fìlà rẹ̀.

"Àgùntàn tó bá ń tiro tí kò ké," ni ó wí, "inú kòtò la ti ń rí òkú rẹ̀. Mo ti rí tó pọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àlejò mẹ́ta ló wà nídìí oúnjẹ: Enid, àti ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rin òkè kiri. Hester gbé ẹyin wọlé, ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ aṣọ ìdáná. Ó gbé tirẹ̀ síwájú Enid, ó sì bi í tẹ̀rín tẹ̀rín pé ṣé ó sùn dáadáa.

Enid gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Mi ò sùn, Ìyáàfin Prosser. Mi ò tíì sùn rí nínú yàrá yẹn."

Ọkùnrin tó wà ní tábìlì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tà ra búrẹ́dì tó ti fi bọ́tà rà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àwo bí ẹni pé wọ́n kọ ìwé sí i. Hester ní, "Ó dáa," ó sì rọra padà sí ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Enid tẹ̀ lé e. Ó bá a nídìí omi, tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó ń fọ ife tó mọ́.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ni Hester wí, láìyíjú. "Ẹ̀ ń parọ́ fún mi lọ́dọọdún, ẹ sì ń jẹ ẹyin mi lé e."

"Kì í ṣe irọ́. Ọmọlúàbí ni mo fẹ́ ṣe."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Enid mọ̀ pé bí òun bá yí padà nísinsin yìí, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn, kì í ṣe nítorí yàrá mọ́. Nítorí náà, ó dúró sí ibi tó wà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ Amos, ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù òtútù lórí aṣọ oorun, àti bí Clement kò ṣe hanrun. Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ Hester dúró nínú omi. Nígbà tó máa fi yíjú padà, omi ti lé sí i lójú. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ jókòó, mà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́."

Ó ní lọ́dún 1964, Yàrá Bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe yàrá àlejò rárá. Ápù ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Oṣù kan péré ni òun ti wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ òun sì fi ètò àlejò ìkórè lé òun lọ́wọ́ láti fi dán òun wò. Òun ṣì í, òun fi yàrá kan fún ìdílé méjì. Nígbà tí Clement àti Enid dé nínú òjò tàwọn ti àpótí, kò sí àyè fún wọn nínú ilé èrò. Òun fi ọwọ́ òun kó ápù jáde, òun sì gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ìyá ọkọ òun ní bí àlejò wọ̀nyẹn bá ti ráhùn lọ́la, ìdí màlúù ni Hester yóò máa wà títí ayé, kò tún ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé èrò mọ́.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ náà tó ń gbọ́," ni Hester wí. "Mo gbé tíì wá. Mo bi yín. Ọkọ yín ní, 'Dáadáa gan-an.' Ẹ̀yin ní agogo dùn. Mo gbọ́ bí ìyá arúgbó ṣe kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì tún fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Àárọ̀ yẹn ni mo di onílé èrò. Mo mọ̀ pé yàrá burúkú ni, Ìyáàfin Lathbury. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni Ọlọ́run dá tí ẹ lè sùn síbẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí yín ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà."

"Àwọn ará London ńkọ́?"

"Mo gbà wọ́n là ni."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ́. Wọ́n rín in títí Hester fi fi orí lé tábìlì, títí ọkùnrin arìnkè náà fi wá yọjú láti wò ó bóyá ẹnì kan ń kú. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, Enid mí kanlẹ̀.

"Mo ti pinnu pé mi ò ní wá mọ́," ni ó wí.

Hester wò ó. "Nítorí bẹ́ẹ̀dì?"

"Nítorí pé mi ò lè sọ ọ́. Ibòmíràn ò sì wù mí, Hester. Kò sí ilé míì tí wọ́n ti mọ Clement."

Kò tíì pè é lórúkọ rí. Hester na ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sórí tábìlì, ó sì di tirẹ̀ mú. Ó ní yàrá kékeré kan wà lókè ilé ìdáná yìí gan-an, níbi tí òun ti ń ránṣọ. Kò ní orúkọ, bíṣọ́ọ̀bù kankan ò dé ibẹ̀ rí, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ápù, ìgbóná ààrò sì ń gba abẹ́ pákó gòkè sínú rẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dìde láti lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò. Ẹnu ọ̀nà ló dé tó fi yíjú padà.

"Ó tún ku nǹkan míì tí ẹ ò tíì sọ?"

Enid rò ó díẹ̀. "Ẹyin. Ó máa ń le jù."

"Ẹ fẹ́ pa mí lónìí," ni Hester wí, ó sì gun òkè lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ń kọ orin ìkórè, Enid dúró níwájú fèrèsé rẹ̀, kò sì lè kọ ju ẹsẹ kan lọ. Ó kúnlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì dúró. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́ nítorí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ láìmira. Ó dúpẹ́ nítorí ọmọbìnrin tó kó ápù jáde nínú òjò. Ó dúpẹ́ nítorí ahọ́n tí Olúwa tú, bó tilẹ̀ pẹ́, tí kò sì pẹ́ jù. Lẹ́yìn rẹ̀, Amos ń pariwo orin láìbá ohùn mu, bó ti máa ń ṣe.

Lẹ́yìn ìsìn, Enid lọ na ẹ̀yìn díẹ̀ nínú yàrá kékeré náà kí wọ́n tó pè é jẹun ọ̀sán. Nígbà tó lajú, oòrùn ti wọ̀. Ẹnì kan ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ti da aṣọ bò ó. Ó sùn kọjá oúnjẹ ọ̀sán, ó sùn kọjá ìpàdé àwọn obìnrin; oúnjẹ ìkórè ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo ṣíbí àti ẹ̀rín. Ó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, irun rẹ̀ rí jágajàga. Gbogbo tábìlì yíjú sí i. Amos ní ẹ wò ó, Lásárù ti jáde, kí wọ́n fún un ní ìjókòó. Hester gbé àwo ẹran àgùntàn kọjá, Enid sì di etí aṣọ ìdáná rẹ̀ mú.

"Hester, fi yàrá kékeré yẹn pamọ́ fún mi lọ́dún tó ń bọ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́."

Hester mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gé ẹran tó nípọn sínú àwo rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó sì ní kó jẹun kó tó tutù. Enid tẹrí ba, ó gbàdúrà kúkúrú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.